Àtẹ̀gùn ilé Màmá Ìgbọ̀nà: ìgbésẹ̀ 21, méjì péré ló yàtọ̀, ẹni mẹ́rin ló ṣubú

Mo ṣèlérí fáwọn ẹbí pé màá kọ gbogbo bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe lọ sílẹ̀, torí ó ti lé lẹ́ni márùn-ún tó ti pè mí lórí fóònù láti bi mí pé kí ló ṣe àtẹ̀gùn ilé Màmá Ìgbọ̀nà gan-an, mo ti ṣàlàyé títí ẹnu ti ń ro mí. Ẹ jẹ́ kí n tò ó síbí lẹ́ẹ̀kan. Iṣẹ́ bíríkìlà ni mò ń ṣe, Òṣogbo níbí ni mo ti kọ́ ọ, ibẹ̀ náà ni mo ti ń fi í jẹun, àtẹ̀gùn tí mo ti bá wọn dà láàárín ìlú yìí pọ̀. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ilé yìí là mí lójú sí nǹkan kan tí mo ti ń gbójú fò láti ọjọ́ yìí, ó sì dùn mí pé egungun Màmá ló kọ́kọ́ dá kí n tó rí i.

Màmá Ìgbọ̀nà ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi, àdúgbò tí wọ́n ń gbé la fi ń pè wọ́n. Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì ni ilé wọn, ọkọ wọn tó ti dolóògbé ló kọ́ ọ, ṣọ́ọ̀bù méjì àti pálọ̀ kan ló wà nísàlẹ̀, Màmá àtàwọn tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn wà lókè. Inú ilé ni àtẹ̀gùn náà wà, kọnkéré ni, ẹ máa gùn ún dé lándìn kan kẹ́ ẹ tó ṣẹ́rí padà kẹ́ ẹ wá máa gòkè lọ. Láti ìsàlẹ̀ dé lándìn, ìgbà 11 lẹ máa gbẹ́sẹ̀ sókè, láti lándìn dé pálọ̀ òkè, ìgbà 10. Ojú sìmẹ́ǹtì lásán ni gbogbo ẹ̀, kò lẹ́wà, etí rẹ̀ ti ń jẹ díẹ̀díẹ̀ láwọn ibì kan. Ó ti lé lógún ọdún tí Màmá ti ń gùn ún, wọ́n ti ru omi gùn ún, wọ́n ti pọnmọ gùn ún, wọ́n ti gùn ún lóru tí NEPA múná lọ láìtan àtùpà, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn o, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí Màmá pé ẹni ọdún 75, àwọn ọmọ wọn dáwó jọ, wọ́n ní ilé táwọn èèyàn máa wá ti bá wọn ṣọjọ́ ìbí kò gbọdọ̀ rí bó ṣe rí yẹn. Wọ́n kun ilé, wọ́n pààrọ̀ fèrèsé, wọ́n wá lẹ táìsì sí pálọ̀ òkè àti kọ́ríídọ̀ ẹ̀, wọ́n lẹ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ náà látẹnu ọ̀nà títí dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. Ibẹ̀ lowó tán. Wọ́n ní táwọn bá tún rówó àwọn máa padà wá ṣe àtẹ̀gùn àti lándìn, wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ báyẹn pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì wọn. Oní-táìsì náà ò gé ilẹ̀ àtijọ́ kúrò, orí ẹ̀ ló da sìmẹ́ǹtì lé tó sì tẹ́ táìsì sí i. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ mọ́ dáadáa, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, táìsì yẹn gún régé, kò síbi tó ń dún kókó téèyàn bá kàn án. Èmi náà wà níbi ọjọ́ ìbí yẹn, mo gòkè mo sọ̀kalẹ̀ bí ìgbà mẹ́wàá pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́, mo fẹsẹ̀ kọ lẹ́ẹ̀kan lókè lọ́hùn-ún, mo sì ń bá ìrìn mi lọ.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ lẹ́yìn náà tí wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọmọ wọn obìnrin ló ṣe é kọ́kọ́, ó ń gbé abọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ bọ̀ lókè, ó ku kó wọ pálọ̀ báyìí ló bá dojú délẹ̀, abọ́ fọ́, eyín gé e létè. Wọ́n bú u pé kì í wolẹ̀. Ẹnì kejì ni télọ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀, ó wá san owó iná lókè, nígbà tó ń sọ̀kalẹ̀ padà ó dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ó ní ṣe ni ilẹ̀ sáré wá bá òun, orúnkún ẹ̀ wú fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìyàwó ilé ni ẹnì kẹta, ọmọ wà lẹ́yìn ẹ̀, Ọlọ́run ló yọ ọmọ yẹn, ibi tí télọ̀ ti ṣubú gan-an lòun náà ti fẹsẹ̀ rọ́.

Ẹnì kẹrin ni Màmá. Àsìkò òjò ni, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán, kò síná. Wọ́n gbóhùn ẹlẹ́kọ tó ń kọjá nísàlẹ̀, wọ́n gbé abọ́, wọ́n ní kó dúró de àwọn. Ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé kúrò ní pálọ̀ sórí àtẹ̀gùn, òun náà ni. Wọ́n yí gbirigbiri dé lándìn. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún ló dá, wọ́n de é ní P.O.P. fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, egbò wà lórí, ìbàdí ń dùn wọ́n, àmọ́ a dúpẹ́ pé egungun ìbàdí ò kán torí ẹni tó bá mọ bó ṣe ń rí fún àgbàlagbà tí ìbàdí ẹ̀ bá kán á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìyẹn máa ń pẹ́.

Kí n tó débẹ̀, oríṣiríṣi nǹkan ni wọ́n ti sọ. Àwọn kan ní táìsì ló ń yọ̀. Àwọn kan ní ojú Màmá ni, wọ́n sì gbé wọn lọ ṣe gíláàsì tuntun. Ẹnì kan nínú ilé ní kí wọ́n pe àlùfáà wá gbàdúrà sí àtẹ̀gùn yẹn, pé ilé tó ti wà láti ọjọ́ yìí láìsí nǹkan, kí ló dé tó jẹ́ pé lẹ́yìn ayẹyẹ tí gbogbo ayé wá jẹ tí wọ́n mu lèèyàn ń ṣubú. Mi ò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ìyẹn. Àkókò tó mẹ́nu bà yẹn tọ̀nà, lẹ́yìn ayẹyẹ ló bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, òun ló rí i ju gbogbo àwọn yòókù lọ.

Èyí tó wá dùn mí jù nínú gbogbo nǹkan tí wọ́n gbìyànjú ni ti ìnusẹ̀. Lẹ́yìn tí télọ̀ ṣubú, ọmọ Màmá kan ra ìnusẹ̀ méjì tó nípọn, tó rọ̀ dáadáa, ó tẹ́ ọ̀kan sí etí pálọ̀ òkè, ó tẹ́ èkejì sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn nísàlẹ̀, kí táìsì má bàa yọ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀. Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Lórí ìnusẹ̀ yẹn ni Màmá dúró sí kí wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ tó gbé wọn ṣubú. Mo máa padà sórí ẹ̀.

Ọjọ́ kejì tí wọ́n gbé Màmá délé láti ọsibítù ni mo lọ kí wọn. Mò ń jáde kúrò ní pálọ̀, mò ń wo fóònù, ẹsẹ̀ mi wá ilẹ̀ kò rí i, ọkàn mi já, irin ìdìmú ni mo rọ̀ mọ́. Mo dúró síbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan. Mo ní èmi tí mò ń rìn lórí pákó ilé alájà mẹ́ta ni àtẹ̀gùn yìí fẹ́ gbé ṣubú? Mo padà wọlé, mo ní kí wọ́n pe gbogbo ẹni tó ti ṣubú fún mi.

Ìbéèrè mẹ́ta ni mo bi ẹnì kọ̀ọ̀kan: ṣé ẹ ń gòkè ni àbí ẹ ń sọ̀kalẹ̀, ìgbésẹ̀ wo gan-an, kí lẹ gbé lọ́wọ́. Wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ máa sọ ìtàn bàtà fún mi, mo ní rárá, ẹ mú mi lọ síbẹ̀ kẹ́ ẹ fi hàn mí. Ọmọbìnrin yẹn: ó ń gòkè, ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn. Télọ̀: ó ń sọ̀kalẹ̀, ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn nísàlẹ̀. Ìyàwó ilé: bákan náà. Màmá látorí bẹ́ẹ̀dì: sísọ̀kalẹ̀, ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ lókè. Èmi: ibi ti Màmá. Nínú ìgbésẹ̀ 21, ti ìsàlẹ̀ pátápátá àti ti òkè pátápátá ló ń ṣe gbogbo ẹ̀, kò sẹ́ni tó ṣubú láàárín. Tó bá jẹ́ ojú ni, tàbí bàtà, tàbí òkùnkùn, kí ló dé tí kò mú ẹnikẹ́ni ní ìgbésẹ̀ karùn-ún tàbí ìkẹrìnlá? Kò sì sí táìsì kankan lórí àtẹ̀gùn fúnra ẹ̀.

Mo pàṣẹ kí wọ́n lọ mú tépù àti lẹ́fẹ̀lì mi wá. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ wọn gíga àtẹ̀gùn, ẹ má kàn fi tépù ti ojú sìmẹ́ǹtì tó dúró yẹn, torí sìmẹ́ǹtì ọ̀hún lè dagun, etí ibi ìtẹ̀ sì lè ti jẹ, ó máa ṣì yín lọ́nà. Ẹ gbé lẹ́fẹ̀lì tàbí igi tó tọ́ sórí ìgbésẹ̀ tòkè kó yọ síta lórí tìsàlẹ̀, ẹ jẹ́ kó tẹ́jú, kẹ́ ẹ wá fi tépù wọn láti abẹ́ igi yẹn sílẹ̀ ní òró. Ẹ ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ kọ ọ́. Ohun tí mo rí rèé, mìlímítà ni gbogbo ẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ pátápátá: 120. Èyí tó tẹ̀lé e: 151. Lẹ́yìn náà 149, 150, 148, 152, 150, 150, 149, 151, títí dé lándìn ní 150. Láti lándìn lọ sókè bákan náà ni, kò sí èyí tó bọ́ sísàlẹ̀ 148, kò sí èyí tó kọjá 152. Àfi ìkọkànlélógún, tó wọ pálọ̀: 180. Nígbà tí mo tẹ́ ìnusẹ̀ sílẹ̀ padà tí mo tún wọn òkè, 190. Ìsàlẹ̀ di 110.

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn yẹn, mo ń wo ìwé. Ẹ wo káfíńtà àti bíríkìlà tó da àtẹ̀gùn yìí nígbà yẹn, pẹ̀lú pákó àti okùn, tí wọ́n fi mú ìgbésẹ̀ 21 tí ìyàtọ̀ ẹ̀ ò ju mìlímítà 4 lọ. Iṣẹ́ àwọn àgbà ni, mo bọ̀wọ̀ fún un. Ibi ìtẹ̀ ẹ̀ fẹ̀ ní 270. Ìṣirò kan wà tí àwọn tó ń ya ilé máa ń ṣe, ará Faransé kan tó ń jẹ́ François Blondel ló gbé e kalẹ̀ láti bí ọdún 1675: ẹ mú gíga ìgbésẹ̀ lọ́nà méjì, ẹ ro fífẹ̀ ibi ìtẹ̀ mọ́ ọn, kó lè bá bí èèyàn ṣe ń ṣísẹ̀ mu. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí gba kí àròpọ̀ yẹn wà láàárín 550 sí 700. Ti ilé yìí jẹ́ 570. Àtẹ̀gùn tó dáa ni kí táìsì tó dé.

Ó wá yé mi. Ilẹ̀ òkè àti ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ni wọ́n gbé ga, wọn ò gbé àtẹ̀gùn ga. Sìmẹ́ǹtì abẹ́ táìsì nípọn tó 20, táìsì fúnra ẹ̀ 10, àpapọ̀ 30. Nísàlẹ̀, ilẹ̀ gòkè ní 30 lọ bá ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, 150 di 120. Lókè, ilẹ̀ gòkè ní 30 kúrò lórí ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn, 150 di 180.

Mo pe oní-táìsì yẹn, kò kọ́kọ́ gbà. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wọn ọ́n láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ẹ sọ fún mi bóyá mo ba ìwọ̀n ilé jẹ́.” Òótọ́ ló sọ. Ó jẹ́ 3150 kí ó tó dé, 3150 náà ló ṣì jẹ́, torí ìwọ̀n kan náà ló gbé méjèèjì ga. Ẹ ro ó: 120 kan, 150 mọ́kàndínlógún, 180 kan, 3150 ni. Ó tún ní ìka ọwọ́ ò dọ́gba, pé ṣé gbogbo ilé tó wà ní Òṣogbo ni àtẹ̀gùn wọn dọ́gba ni. Mo ní àbúrò, ẹsẹ̀ kì í ka àpapọ̀. Ìka ò dọ́gba lóòótọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń fi ìka sọ̀kalẹ̀ lókùnkùn. Ó dákẹ́, ó ní kò sẹ́ni tó sọ èyí fún òun rí. Mo gbà á gbọ́. Wọ́n ní kó lẹ táìsì sí pálọ̀, ó lẹ táìsì sí pálọ̀. Ẹni tó yẹ kó sọ pé ẹ dúró ná, ilẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ gbé ga yìí ló gba àtẹ̀gùn mú lókè àti nísàlẹ̀, èmi ni, torí èmi ni bíríkìlà ilé, mo sì wà ní ìlú nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Wọn ò pè mí, èmi náà ò sì yà síbẹ̀ lọ wò ó.

Àwọn èèyàn ti ń bi mí pé ṣé 30 yìí ni gbogbo nǹkan, ìyẹn ò tiẹ̀ tó íńṣì kan àtààbọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, òun náà ni. Bí 180 yẹn ṣe ga tó kọ́ ló ń dààmú èèyàn. Tí gbogbo ìgbésẹ̀ 21 bá jẹ́ 180 kò ní sí ẹni tó máa ṣubú, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tiẹ̀ gba ìgbésẹ̀ ilé àdáni láti 150 títí dé 220. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé èèyàn kì í wo àtẹ̀gùn tó bá ń gùn ún. Ẹ máa wo ọ̀kan tàbí méjì àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ yín á ti há ìwọ̀n yẹn sórí, látibẹ̀ ẹsẹ̀ ló ń dá ṣe é, ẹ̀yin ti ń ronú nǹkan míì. Bẹ́ ẹ bá ń gòkè, ẹsẹ̀ ò ní gbé ara ẹ̀ ga ju bó ṣe yẹ lọ, ìwọ̀n bíńtín ló fi ń ré etí ìgbésẹ̀ kọjá. Ẹ wá gbé ìgbésẹ̀ kan ga sí i lójijì ní 30, ọmọ ìka ẹsẹ̀ á kọ lára ẹ̀, ara á máa lọ síwájú, ẹsẹ̀ á dúró sẹ́yìn, ohun tó ṣe ọmọbìnrin tó gbé abọ́ nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ ló burú jù, torí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló gbé yín, èkejì wà lófuurufú, ó ń retí ilẹ̀ ní 150. Ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ dé lójú 120, kò tíì tó àsìkò, orúnkún ò tíì múra, gbogbo ara á wó lé e. Télọ̀ sọ ọ́ jù mí lọ: ilẹ̀ sáré wá bá a. Lókè, ẹsẹ̀ dé 150 kò bá nǹkan kan, ó ṣì ku 30, ara ti tẹ̀ síwájú tán.

Ti Màmá tún wá ju ti gbogbo wa lọ. Àlejò tó bá dé ilé yẹn á fara balẹ̀ wo àtẹ̀gùn tí kò mọ̀. Màmá ò nílò àtiwò ó, wọ́n mọ̀ ọ́n, ó ti lé lógún ọdún tí ẹsẹ̀ wọn ti mọ 150. Ilé wọn gangan ló yí padà mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Ìnusẹ̀ wá fi 10 lé e lókè, ó sì yọ 10 nísàlẹ̀, ó rọ̀ débi tí ẹsẹ̀ ò tiẹ̀ fi mọ ibi tí etí wà.

Ní Amẹ́ríkà, kóòdù ilé tí wọ́n ń lò ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sọ pé ìyàtọ̀ láàárín ìgbésẹ̀ tó ga jù àtèyí tó kéré jù lórí àtẹ̀gùn kan kò gbọdọ̀ ju 3/8 íńṣì lọ, bíi mìlímítà 9.5. Ti ilé yìí jẹ́ 60, tẹ́ ẹ bá ka ìnusẹ̀ mọ́ ọn ó di 80. Àwa náà ní National Building Code láti 2006, àmọ́ nínú gbogbo sáìtì tí mo ti ṣiṣẹ́, n ò tíì rí ẹni tó mú un dání wá síbẹ̀.

Nǹkan àkọ́kọ́ tí mo ṣe lọ́jọ́ yẹn, mo ká ìnusẹ̀ méjèèjì. Mo fi ọ̀dà funfun kun etí pálọ̀ òkè àti ti ìgbésẹ̀ ìsàlẹ̀, a gbé gílóòbù oní-bátìrì kọ́ síbẹ̀ kí ibẹ̀ máa mọ́lẹ̀ tí kò bá síná. Wọ́n gbé Màmá lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn obìnrin ní Òkè-Fìà, ilé tí kò ní pẹ́tẹ́ẹ̀sì.

A wá jókòó lórí bá a ṣe máa tún un ṣe. Ẹnì kan ní ká wó táìsì etí òkè àti ti ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn kúrò, àwọn ọmọ ní àwọn ò lè rí owó yẹn kó bàjẹ́, tá a bá sì wó díẹ̀ níbẹ̀, ìkọsẹ̀ tuntun la máa dá sílẹ̀ láàárín pálọ̀. Bíríkìlà ẹgbẹ́ mi kan ní ká pín in, pé ká fi sìmẹ́ǹtì sí ìgbésẹ̀ mẹ́ta ìsàlẹ̀ àti mẹ́ta òkè kí 30 yẹn lè di 10, 10, 10. Mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa torí owó ẹ̀ kéré, mo ní rárá, 10 ṣì kọjá ohun tí wọ́n gbà, ẹni tó bá sì ń bọ̀ láti àárín á ṣì bá ìyípadà pàdé. Èyí tó kù ni èyí tó yẹ kí wọ́n ti ṣe láti ọjọ́ kìn-ín-ní: ká gbé gbogbo ibi ìtẹ̀ 19 àti lándìn ga ní 30 náà. Ẹ wò ó, bí gbogbo wọn bá gòkè ní 30, ìsàlẹ̀ padà di 150, òkè padà di 150, àárín ò yí padà. Ó rọrùn báyẹn.

Mo ní kí ẹnjiníà kan kọ́kọ́ wá wò ó nítorí ẹrù. Ibi ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà kan láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, sìmẹ́ǹtì tá a máa fi lé e tó bíi kílò 18, tẹ́ ẹ bá ro gbogbo ẹ̀ mọ́ ti lándìn ó ń lọ sí bíi kílò 470. Ó wo abẹ́ àtẹ̀gùn, ó kàn án, ó wá ìlà tó bá là, kò rí, ó wọn bó ṣe nípọn, ó ní ká máa ṣe é lọ. Ẹ má ṣe fo ìyẹn, àtẹ̀gùn míì wà tí irin ẹ̀ ti jẹ tán nínú.

Àwọn ọmọ fẹ́ kí n fi táìsì dídán tó bá ti pálọ̀ mu, mo kọ̀. Mo ní torí Màmá la ṣe ń ṣe é. Sìmẹ́ǹtì lásán ni, ọ̀kan sí yanrìn odò mẹ́ta, báàgì mẹ́ta tó wa. A fi ṣísẹ́lì gún ojú kọnkéré àtijọ́ kó rí gbágungbàgun, torí sìmẹ́ǹtì tuntun tẹ́ ẹ bá dà sórí ojú tó ń dán, yóò ṣí bí èèpo, a fọ eruku kúrò, a bomi sí i, a pò sìmẹ́ǹtì ṣíṣàn kùn ún kó tó di pé a da tòótọ́. Mo mú pákó gbọọrọ kan, mo sàmì 150, 150 sí i látìsàlẹ̀ dókè, mo gbé e dúró lórí táìsì ìsàlẹ̀, mo sì fi rọ́bà tí a bu omi sí gbé lẹ́fẹ̀lì lọ sára ògiri, ibi tí ojú ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa gbà la ti yà sógiri ká tó po nǹkan kan. Kò sí “ojú ni màá fi wò ó” níbẹ̀. Àwọn tó wà lókè sùn ní pálọ̀ ìsàlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Kó tó gbẹ, a fi ìgbálẹ̀ họ ojú ẹ̀ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ kó má bàa yọ̀, a ń bomi rin ín fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ, ọmọ iṣẹ́ mi da sìmẹ́ǹtì pọ̀ jù, nígbà tí mo wọn ọ́n ó jẹ́ 157, èyí tó wà lókè ẹ̀ á sì di 143. Ó ní ọ̀gá, kò hàn lójú. Mo ní kò hàn lójú, àmọ́ ó máa hàn lẹ́sẹ̀. Ó ha á kúrò kó tó le.

Nǹkan kan tá à bá ti gbàgbé ni irin ìdìmú. Bí ibi ìtẹ̀ ṣe gòkè ní 30, irin ìdìmú tó wà ní 900 látorí etí ìgbésẹ̀ di 870, ó relẹ̀ fún ọwọ́. Wẹ́dà kan wá gé ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi 50 lé e, ó di 920. A tún fi òmíràn sára ògiri lápá kejì, torí ọwọ́ ọ̀tún Màmá ò tíì lágbára dáadáa, nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀ wọ́n nílò ohun tí ọwọ́ òsì máa dì mú.

Nígbà tó gbẹ mo wọn gbogbo ìgbésẹ̀ 21 padà. Èyí tó kéré jù 148, èyí tó ga jù 152. Mo kọ wọ́n sára ògiri abẹ́ àtẹ̀gùn pẹ̀lú ọ̀dà, pẹ̀lú déètì, kí ẹni tó bá tún fẹ́ lẹ nǹkan sí ilẹ̀ ilé yẹn lọ́jọ́ iwájú rí i.

Màmá padà sílé lẹ́yìn tí wọ́n tú P.O.P. Èmi ni mo dúró níwájú wọn nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ máa sọ̀kalẹ̀, mo ń fẹ̀yìn rìn, ẹ̀rù ń bà wọ́n, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n lórí irin. Wọ́n sọ ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀, wọ́n dúró, wọ́n sọ ìkejì, nígbà tí wọ́n fi máa dé lándìn wọn ò wolẹ̀ mọ́, wọ́n ti ń bi mí pé ìyàwó mi ń kọ́. Wọ́n ní kí n bá àwọn tẹ́ ìnusẹ̀ yẹn padà sí etí òkè torí ó lẹ́wà. Mo ní ẹ má bínú Màmá, kò ní í débẹ̀ mọ́. Iwájú bẹ́ẹ̀dì wọn ló wà báyìí.